Ìbọn Tí A Pè Ní Òfìfo

ÌDÍ ÒGÚN: abala àwọn ọdẹ àti ará ilé wọn

Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké tí ẹ máa ń ka ìwé yìí sókè fún ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ tòní kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ.

Láti ìgbà tí òjò ti dá, tí koríko sì ti ń gbẹ, ni àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n á ní: "Bàbá, ẹ̀tù wọ́n, ọta wọ́n. Fájuyì níbí kì í ṣe oko mọ́. Béèyàn bá yìnbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo àdúgbò á sá jáde. Ṣé a ò lè fi ìbọn òfìfo kọ́ṣẹ́ nínú ilé ni? Ká gbé e sí èjìká, ká fojú tọ́ ọ, ká fa irin rẹ̀, láìsí ẹ̀tù, láìsí ọta?"

Ìdáhùn mi ni pé ẹ lè ṣe é. Ó dára, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìbéèrè yín tó ń bà mí lẹ́rù, òun ni "òfìfo" yẹn. Ta ló sọ fún yín pé ó ṣófo? Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni mo fẹ́ jókòó lé lónìí, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ilé mi jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀bi mi ni, n ò ní dì í ru ẹlòmíràn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọdẹ àgbà kan papòdà lábúlé wa, a sì lọ ṣe ìṣípà ọdẹ fún un bó ti yẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìbọn gbọ́dọ̀ dún níbẹ̀. Mo kì ṣakabùlà mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kíní dún, ẹ̀ẹ̀kejì dún, ẹ̀ẹ̀kẹta kọ̀. Òjò winniwinni ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ní ó ṣeé ṣe kí ẹ̀tù ti tutù. Ẹmu ti wà lára, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Mo yọ ohun tí ń ta iná kúrò lábẹ́ òòlù ìbọn, mo gbé e kọ́ èjìká, mo kọrí sílé. Mo ní bó bá di àárọ̀, máa tú u. Àárọ̀ mọ́, iṣẹ́ oko dé, mo gbàgbé. Mo gbé ìbọn kọ́ ara ògiri lókè ojúbọ Ògún, ibi tó máa ń wà.

Oṣù bíi mélòó kan kọjá. Òjò dá. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, gbogbo nǹkan gbẹ, àti ohun tó wà nínú ọ̀pá ìbọn náà. Ọmọ àbúrò mi obìnrin wá bá mi gbé láti kọ́ iṣẹ́ ọdẹ. Ọmọ dáadáa ni, ó ń tẹ́tí sọ́rọ̀. Mo gbé ìbọn fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú pálọ̀. Mo fi èédú fa àmì sára ògiri, bí ìga ẹtu tó dúró. Mo ní, "Gbé e sí èjìká. Fojú tọ́ àmì yẹn. Fa irin rẹ̀ pẹ̀lẹ́." Ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan nínú rẹ̀?" Ẹ gbọ́ o, ọmọ ló béèrè. Èmi àgbà ni mo dáhùn pé, "Òfìfo ni."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń fà á. Òòlù á já, irin á gbá irin, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó fẹ́ kí ó dún díẹ̀ bíi ti gidi, ó bá ha orí ìṣáná sí ibi tí iná máa ń gbà wọlé. Àwọn ọmọkùnrin mọ eré yẹn dáadáa. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó lórí ẹní lábẹ́ àmì tí mo fi èédú fà, ó ń jẹun. Ìyá rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìnkùlé pé kó wá wẹ̀. Ó dìde. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ìbọn fi dún.

Ìdì aṣọ tí mo fi dé ẹ̀tù níbi ìṣípà ló jáde. Ó họ ògiri, ó ṣubú sórí ẹní pẹ̀lú iná, ibi tí ọmọ náà jókòó sí sì jó. Ẹ má sọ pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Bí ẹ̀tù bá ti ta ìdì aṣọ jáde, ó lè pa ènìyàn tó bá wà nítòsí.

Mo bọ Ògún lọ́jọ́ kejì. Mo rú ohun tí wọ́n ní kí n rú. Nígbà tí mo parí, ìyàwó mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ ti bọ Ògún, ó dára. Ṣùgbọ́n Ògún kọ́ ló kì ìbọn yẹn." Ó bá wọlé lọ. N kò rí èsì fún un títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí ọdún Ògún ní Ìrè-Èkìtì, ẹ mọ ìtàn tí à ń sọ níbẹ̀. Ògún ti ogun dé, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn ènìyàn níbi ìjókòó tí a kì í ti í sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó kí i. Ó rí agbè ẹmu tó wà ní ìdúró, ó gbà pé ó kún. Ó gbé e, òfìfo ni. Inú bí i, ó gbà pé wọ́n fojú di òun, ó fa idà yọ sí àwọn ènìyàn tirẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ tó mọ ohun tó ṣe, ó kábàámọ̀, ó sì wọlẹ̀ níbẹ̀.

A máa ń fi ìtàn yìí kọ́ ọmọ pé kó má ṣe máa bínú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìbọn ti dún nínú pálọ̀ mi, mo ti ń gbọ́ nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Òrìṣà tó ni irin gan-an wo ohun èlò láti òkèèrè, ó sì gbà pé òun mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Agbè tó rò pé ó kún, òfìfo ni. Ìbọn tí èmi pè ní òfìfo, ó kún. Bó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún Ògún, ta ni èmi?

Nítorí náà, mi ò ní sọ pé kí ẹ má fi ìbọn kọ́ṣẹ́ nílé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ má gba òfìfo gbọ́ láìfọwọ́ kàn án. Bí a ṣe ń ṣe é nílé mi báyìí nìyí.

Èkíní, ẹ̀tù, ọta, ohun ìtanná àti ìṣáná gbọ́dọ̀ kúrò nínú yàrá kí ìbọn tó wọlé. Kì í ṣe pé ká tì wọ́n sábẹ́ àga o. Kí wọ́n wà nínú yàrá mìíràn, kí ilẹ̀kùn wà ní títì.

Èkejì, ẹ yẹ inú ìbọn wò. Ìbọn ọlọ́nà méjì tó ṣeé ṣẹ́ rọrùn: ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ wo ihò méjèèjì, ẹ sì ti ìka bọ̀ wọ́n, torí ojú máa ń tan ni lálẹ́. Ṣakabùlà ló ṣòro, torí pé ẹnu la ti ń kì í, a kò sì lè ṣẹ́ ẹ wò. Bó bá kún, bó bá ṣófo, ojú kan náà ló ní. Ọ̀pá ìkìbọn ni yóò sọ òótọ́ fún yín. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé kò sí ohun ìtanná lábẹ́ òòlù. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò séèyàn. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má ṣe na orí sókè ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá ti ọ̀pá náà wọlé pẹ̀lẹ́ títí yóò fi dúró. Ẹ di ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba mú, ẹ fà á yọ, ẹ gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìbọn lóde. Bí orí rẹ̀ bá dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bó bá fi ìka mẹ́ta kù, nǹkan ń bẹ nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá dá yín lójú pé ìbọn ṣófo, ẹ fi ọ̀bẹ fa ilà sára ọ̀pá náà níbi tó ti bá ẹnu rẹ̀ dọ́gba. Ilà yẹn ni ẹlẹ́rìí yín láti ọjọ́ náà lọ.

Bí ẹ bá rí i pé ó kún ńkọ́? Ẹ má ṣe fi irin wá a. Ẹ má ṣe yìn ín nínú àgbàlá láti fi tú u. Ẹ gbé e jìnnà sí iná, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí kò séèyàn, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe àgbà ọdẹ tó mọ̀ ọ́n tú tàbí alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn ṣe. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ẹ̀kẹta, kí ẹlòmíràn tún un yẹ̀ wò. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ gan-an ni kó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Bó bá béèrè pé, "Ṣé kò sí nǹkan nínú rẹ̀?", ẹ má fi ẹnu dá a lóhùn. Ẹ gbé ọ̀pá fún un.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí kò séèyàn lẹ́yìn rẹ̀ dára. Bí ẹ bá to àpò yanrìn sí iwájú rẹ̀, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fèrèsé ò dára, ilẹ̀kùn ò dára, ògiri pákó ò dára. Tẹlifíṣọ̀n ò dára, mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kan ń fi ìbọn tọ́ ẹni tó ń ka ìròyìn. Kò sí ọmọdé, kò sí ewúrẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni láàárín ẹnu ìbọn àti ògiri, yálà ó ṣófo tàbí kò ṣófo.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ bá parí, ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu: "Ó parí." Kí ìbọn padà sí ibi tí a ń tì í mọ́, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àgbà. Èyí tó burú jù ni "ẹ jẹ́ kí n fà á lẹ́ẹ̀kan sí i" lẹ́yìn tí a ti kì í fún ìgbẹ́ òru. Ìbọn tí a bá ti kì, kò bá ìkọ́ṣẹ́ lọ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ ṣàánú irin náà pẹ̀lú. Bí òòlù bá ń já lu irin lásán lójoojúmọ́, yóò ba ojú ibi tí iná ń gbà wọlé jẹ́. Ẹ fi awọ kékeré sí àárín wọn. Bó bá jẹ́ ìbọn olókùúta ìṣáná, ẹ yọ òkúta náà, kí ẹ fi igi tí ẹ gbẹ́ bíi tirẹ̀ sí i. Fún ìbọn ọlọ́nà méjì, ọta aláìlẹ́tù tí wọ́n dìídì ṣe fún ìkọ́ṣẹ́ wà. Bí ẹ bá ní in, ẹ kùn ún ní ọ̀dà pupa kó má bàa dàpọ̀ mọ́ ti gidi.

Kí wá ni èrè gbogbo wàhálà yìí? Ó pọ̀. Ohun tó ń mú kí ọdẹ tuntun tàsé kì í sábà jẹ́ ojú rẹ̀, ìbẹ̀rù ariwo ni. Ó mọ̀ pé ìbọn fẹ́ dún, ó fẹ́ ta á léjìká, ara rẹ̀ á wá gbọ̀n kí ó tó dún. Ìbọn tí kò dún ló ń wo àìsàn yẹn sàn. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ há èjìká dáadáa. Ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ẹ mí síta díẹ̀, kí ẹ dá èémí dúró. Ẹ wá fa irin náà pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tẹ ọsàn wò bóyá ó ti rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì gbé ìdérí ìgò mínírà lé orí ọ̀pá ìbọn lókè. Bí òòlù bá já tí ìdérí kò ṣubú, ọwọ́ yín ti ń balẹ̀. Bó bá ṣubú, ẹ tún un ṣe. Fífà mẹ́wàá tí ẹ fara balẹ̀ ṣe dára ju àádọ́ta tí ẹ fi ń ṣeré lọ.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù lọ, ẹ̀kọ́ àìfà ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdẹ gbé ìbọn òfìfo náà sójú, kí ẹnìkan nínú ilé máa dárúkọ ohun tó rí: "Ìgalà!" "Òkété!" "Ènìyàn!" "Mi ò mọ̀!" Bí ó bá gbọ́ "ènìyàn" tàbí "mi ò mọ̀," kí ìka kúrò lórí irin kíákíá, kí ẹnu ìbọn wálẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú igbó lóru, tí ọdẹ á rí ojú tó ń tàn lójú iná orí, tí kò ní dúró wò ó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìka tó mọ̀ ọ́n fà tí kò mọ̀ ọ́n dúró, àjálù ni.

Ẹ má rò pé ìkọ́ra-ẹni-níjàánu yìí jẹ́ ti ojo. Àwọn tó ni wá ni. Nígbà ogun Kírìjì, láàárín ọdún 1877 sí 1893, àwọn Èkìtì Parapọ̀ rí ìbọn tuntun gbà láti Èkó, èyí tí wọ́n ń kì láti ìdí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì ń kì tiwọn láti ẹnu. Irin tuntun béèrè ọwọ́ tuntun, wọ́n sì kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí àdúgbò wa yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1943, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ akíkanjú nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ní Kóńgò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìbọn tó yìn la ṣe ń rántí rẹ̀. A ń rántí rẹ̀ nítorí ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966, tí kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì pa òun àti Aguiyi-Ironsi pọ̀. Ọkàn tó balẹ̀ ni akin fi ń jẹ́ akin.

Ọ̀rọ̀ ìjọba kù díẹ̀. Òfin Ìbọn ti Nàìjíríà, ti ọdún 1959, ka ṣakabùlà àti gbogbo ìbọn tí à ń kì láti ẹnu mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún. Ìbọn ọlọ́nà méjì náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹ má sọ pé bàbá-bàbá yín ló fi í sílẹ̀. Ẹ lọ béèrè, kí ẹ gba ìwé. Láti oṣù Kìíní ọdún 2020 tí wọ́n ti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn nílùú Ìbàdàn, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló ti wọ iṣẹ́ ààbò. Ojú ń wò wá. Kí wọ́n má bàa bá wa lẹ́nu ẹ̀bi.

Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ parí sí lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìbọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin. Bí ọkọ yín bá ti ibi ìṣípà tàbí ọdún dé, kí ẹ tó gbé omi fún un, ẹ bi í pé: "Ṣé gbogbo rẹ̀ dún?" Bó bá ní ó dún, ẹ ní kó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ kí ẹ rí i. Kó má bínú. Bí bàbá mi tó ti lọ ṣe máa ń sọ ọ́ lédè wa, kò sí ùbọn tó ṣòfo nínú ulé ọdẹ, àfi èyí tí a yẹ̀ wò lónìí. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹní tó jó ló wá jẹ́ kí n mọ ohun tó ń sọ.

Ẹní náà ṣì wà. Mo ká a, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojúbọ. Ọmọ àbúrò mi ti di ọdẹ gidi báyìí, ọwọ́ rẹ̀ sì balẹ̀ ju tèmi lọ. Kò sí ọjọ́ tó gbé ìbọn tí kì í kọ́kọ́ bèèrè ọ̀pá. Ọmọbìnrin kékeré yẹn ti ń lọ sílé ìwé. Ìgbà mìíràn, òun ló máa ń gbé ọ̀pá náà wá fún un.

Kí a tó tún pàdé nínú ìwé tó ń bọ̀, mo bẹ olúkúlùkù ilé: ẹ sọ gbogbo ìbọn tó wà lára ògiri kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọ̀pá yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹlẹ́rìí, kí ẹ fa ilà yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá da ẹmu sílẹ̀ fún Ògún.

Ògún kò ní fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa wẹ̀. A kò ní fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Ire o.

Àṣẹ.